Ìgò Bọ́tìnì Kíláàsì Kẹta

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù karùn-ún

Kí n tó kọ ohunkóhun nípa ọ̀la, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yìí nìkan ni yóò gbọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kẹta, èmi ni olùkọ́ rẹ̀. Lópin ọdún yẹn, àwọn olùkọ́ jókòó, wọ́n sì fẹnu kò pé òun ni ìràwọ̀ idẹ tọ́ sí, èyí tí ilé ìwé máa ń fún ọmọ tí ìwà rẹ̀ dára jù. Èmi ni wọ́n ní kí n kéde. Mo dìde níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé àti òbí wọn, mo wúkọ́, mo ní, "Lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó yẹ." Ẹnìkan ti ta á lólobó, ó ti ń dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó tún rọra jókòó.

Kí aráyé má baà sọ pé mo gbé ọmọ mi ga ni mo ṣe ṣe é. Ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn nígbà tó rí ìràwọ̀ náà nínú àpò ṣòkòtò mi tó fẹ́ fọ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó sọ ìràwọ̀ náà sínú agolo bọ́tìnì rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó bá a níbẹ̀." Ó ti dolóògbé. Agolo náà wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Ọmọ yẹn ló di ọ̀gá ilé ìwé náà lónìí, ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Olùkọ́ kíláàsì kẹta ti lọ bímọ, kò sí ẹni tí yóò dí àlàfo rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi wá jókòó sétí ibùsùn mi.

"Bàbá mi, tẹ́ẹ̀mù kan péré. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú ń ka ìwé ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá mú ojú le. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹgba o."

Láti ọdún tó kọjá ló ti kó ẹgba kúrò ní ilé ìwé náà, àwọn òbí ò sì yéé kùn. Ní ọjọ́ tí tẹ́ẹ̀mù yìí bá parí, wọn yóò ṣèpàdé lórí ẹ̀. Kíláàsì kẹta ló burú jù. Bí kíláàsì yẹn bá ṣì ń tú ká bí adìyẹ, ẹgba ń padà bọ̀ nìyẹn, òun sì ti sọ pé ọjọ́ tí ẹgba bá wọlé lòun máa jáde. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ta ló sì wá bẹ̀? Èmi tí wọ́n ń pè ní Ẹgba-Ò-Sùn!

Mo ní mo gbà. Ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún

Mo ti gbàgbé bí ariwo ọmọdé ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo wọlé, àwọn kan wà lórí tábìlì, àwọn kan wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì gun ojú fèrèsé, ó ń kéde pé, "Bàbá arúgbó kan ń bọ̀ o!" Bàbá arúgbó náà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjì ni wọ́n ń pè é, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ò purọ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ṣọ́ yín ni, sà."

Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀ sí igun tábìlì níbi tí ẹgba máa ń wà. Aṣọ ìnupátákó ló bá níbẹ̀. Mo fi nu iwájú orí mi. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, torí ẹfun ti kùn mí lójú bí eégún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù karùn-ún

Mo gbé ìgò ńlá kan lọ, irú èyí tí wọ́n máa ń kó súìtì sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbé agolo bọ́tìnì ìyá ọmọ mi. Mo rò ó títí kí n tó gbé agolo náà. Ìràwọ̀ yẹn wà nísàlẹ̀ pátápátá, bọ́tìnì tó bò ó kò ní tán ní tẹ́ẹ̀mù kan. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọ̀gá ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. (Nílé, ọmọ mi ni. Tí a bá ti kọjá géètì, Ọ̀gá ni.) "Látijọ́, ẹ̀ṣẹ̀ lẹ máa ń ká mọ́ wọn lọ́wọ́. Báyìí, ẹ lọ máa ká ire mọ́ wọn lọ́wọ́." Tí mo bá ti ká a mọ́ ẹnìkan, bọ́tìnì kan yóò wọ inú ìgò fún gbogbo kíláàsì. Ohun tó bá sì ti wọ inú ìgò kì í jáde mọ́.

Mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́ tí ìgò bá kún. Wọ́n forí korí. Ìjì ló gbé ìpinnu wá: gbogbo kíláàsì yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Tíṣà ni yóò sì jẹ́ gólì.

Orúnkún mi gbọ́, ó sunkún. Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù karùn-ún

Ọmọ mi gbé tíì fún mi nírọ̀lẹ́, ó ní, "Mo dúró létí fèrèsé yín lónìí. 'O káre, o káre, o káre,' bí ẹni ń kí èrò ọjà. Kí lọmọ náà ṣe?"

"Ó káre ni."

"Bàbá mi. Kí ló ṣe?"

Mo ronú. "Ó fẹ́ nu pátákó. Ó rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò tíì kọ tán, ó sì dúró dè é."

"Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹni tí a bá sọ ohun tó ṣe fún ló máa mọ ohun tí yóò tún ṣe."

Orí mi wú. Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe tíṣà, ọmọ tí mo bí ló ń kọ́ mi ní á-bí-dí.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù karùn-ún

Òjò. Ṣọ́ọ̀kì tún ti gbówó lórí. Ìjì jókòó títí a fi parí ìṣirò. Ó jókòó!

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù karùn-ún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ti òní dáadáa. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹni tó bá sì ti kọ́ ọmọ lábẹ́ páànù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnu mi ń là, kò sí ohùn tó ń jáde. Irú àsìkò yìí ni mo máa ń fi ẹgba lu tábìlì látijọ́. Mo kọ iṣẹ́ sójú pátákó, mo wá gbé bọ́tìnì pupa kan sókè. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo tọ́ka sí ọmọkùnrin kan tó ti sún kí ẹni tí òjò ń jò lé lórí lè ráyè. Mo fi ìdí sún lórí àga tèmi náà láti fi hàn wọ́n. Àga fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú. Mo ju bọ́tìnì sínú ìgò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ bó ṣe ró, gbogbo wọn sì rí i.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀! Ẹni tó fẹ́ yá pẹ́ńsù fi ìka kọ̀wé sínú afẹ́fẹ́. Ìjì ń lọ láti fèrèsé dé fèrèsé, ó ń tì í kí òjò má bàa wọ ìwé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó rán an. Àṣé ọmọ yìí kàn ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ni. Mo sọ ọ́ di ọ̀gá fèrèsé lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, kíláàsì ṣì dákẹ́. Mo gbọ́ ìró agogo láti kíláàsì tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Mo fẹ́ẹ̀ jó. Ká sọ òótọ́, mo jó díẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 oṣù karùn-ún

Alága ẹgbẹ́ òbí yà wá wò wá, ayùn léjìká. Káfíńtà ni, òun ló sì bí Ìjì.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ wá di ẹni tó ń ju bọ́tìnì? Ẹ̀yin lẹ nà ẹ̀gbọ́n mi tó fi di lọ́yà!"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá di lọ́yà bí mi ò tiẹ̀ nà án. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí padà. "Igi tó bá wọ́, iná la fi ń nà án, Bàbá. Ẹ bá mi na ọmọ mi. Tó bá dọjọ́ ìpàdé, a ó sọ̀rọ̀."

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Oníjígí là ń pè é, torí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife. Ọwọ́ mi lòun náà ti kàwé. "Ẹ dá a lóhùn, Tíṣà mi! Ṣebí ẹ̀yin lẹ nà wá tá a fi dèèyàn!"

Òun àti ọmọ mi ló jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù karùn-ún

Mo bà á jẹ́.

Oòrùn mú, ara ń ta mí. Mo lọ mú ìwé ní ọ́fíìsì, kí n tó dé, wọ́n ti ń fa okùn ìfò kan mọ́ra wọn lọ́wọ́, tábìlì ti dojú dé. Ọ̀rọ̀ Alága ṣì ń dùn mí. Mo ti ọwọ́ bọ ìgò, mo bu bọ́tìnì ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á padà sínú agolo. "Ó dáa! Ẹ ò fẹ́ ẹ nìyẹn!"

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ ẹgba ni.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹfà

Kíláàsì ti kú. Ọmọbìnrin kan bá mi gbé ṣọ́ọ̀kì tó já bọ́. Mo sáré mú bọ́tìnì. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ fi sí i, sà. Ẹ ó tún kó o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹfà

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ mi kí a tó kúrò nílé. Mo rò pé yóò bínú. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ̀bùn tí ọmọ bá ti jẹ, tirẹ̀ ni, Bàbá mi. Tí àgbàlagbà bá gbà á, ọmọ náà á máa rò pé òun ò ní ín rí." Ó dìde, ó lọ ṣí géètì.

Ní kíláàsì, mo ṣí fìlà. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo mú. Inú bí mi, mo sì jalè. Ẹ jọ̀ọ́." Mo da agolo sórí tábìlì díẹ̀, mo ní mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo bù nínú wọn mọ́.

Àwọn mọ̀ ọ́n! Mo fẹ́ ya wèrè fún ayọ̀. "Aláwọ̀ ewé yẹn ni ti ìgbà tí mo yá a ní pẹ́ńsù!" "Oníhò méjì yìí ni ti ìgbà tí mo sọ òótọ́ nípa gíláàsì tó fọ́!" "Rárá, tèmi nìyẹn, tìrẹ ti sán létí!" Wọ́n mọ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. A dá gbogbo wọn padà, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Ìjì wá rìn wá síwájú. Ó yan bọ́tìnì dúdú ńlá kan, ti kóòtù, ó yí sí kíláàsì bíi tíṣà gidi. "Bàbá Tíṣà bẹ̀ wá. Wọ́n sì jẹ́ àgbà." Ó jù ú sínú ìgò.

Mo ṣe bí ẹni pé ẹfun wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹfà

Ìgò ti lé ní ìdajì dáadáa. Wọ́n ti ń ká ire mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mi ò lè tẹ̀ lé wọn mọ́. Mo ní kí Ìjì bá mi mú bọ́tìnì. Ó ti ọwọ́ bọ agolo jinlẹ̀, ohun tó fà yọ tàn.

"Bàbá Tíṣà, ta ló ni èyí?"

"Ọmọ kan ni. Nígbà kan."

"Kò wá gbà á?"

"Èmi ni mi ò fún un."

Ó wo ìràwọ̀, ó wò mí. "Kí ló ṣe yín?" Kò bú mi o. Bí ẹni ń béèrè ìdí tí ẹnìkan fi ń tiro ló ṣe bi mí.

Mo ní inú mi bàjẹ́ nígbà yẹn. Ó dá a padà sínú agolo jẹ́jẹ́. "Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o."

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹfà

Mo ṣí ìwé yìí padà sẹ́yìn, mo lọ ka ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Irọ́ wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe torí pé aráyé yóò sọ pé mo gbé ọmọ mi ga. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọmọ mi kì í dákẹ́ ní kíláàsì. Wúyẹ́wúyẹ́, wúyẹ́wúyẹ́, létí ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó. Mo sì nà án. Mo nà án ju àwọn yòókù lọ, kí wọ́n lè rí i pé mi ò ṣojúsàájú. Kò sọ nǹkan kan rí. Lópin ọdún ni olùkọ́ mìíràn rí i pé ọmọkùnrin yẹn kò ríran dé pátákó. Ọmọ mi ló ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí i létí, láàárọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń jẹ ẹgba lé e lórí, torí ọmọkùnrin náà ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun kúrò nílé ìwé.

Ìdí tí wọ́n fi ní kí n fún un ní ìràwọ̀ nìyẹn. Bí mo bá kéde rẹ̀, mo ní láti kéde ohun tó ṣe. Bí mo bá sì kéde ohun tó ṣe, gbogbo ènìyàn yóò mọ ohun tí èmi ṣe.

Ó ti wà lákọsílẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹfà

Mo lọ bá Oníjígí ní kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ ìpàdé. Mo ní orúkọ rẹ̀ yóò jẹ yọ, bí kò bá fẹ́, kó wí.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Láìsí awò, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ yẹn gan-an.

"Tíṣà mi, ẹ mọ ìdí tí mo fi máa ń sọ pé ẹgba yín ló sọ wá dèèyàn?"

"Mi ò mọ̀."

"Tí kò bá wúlò fún nǹkan kan, á jẹ́ pé lásán ni ọmọ yín jẹ ẹ́ nítorí mi." Ó dé awò rẹ̀ padà. "Ẹ sọ ọ́. Èmi náà máa dìde."

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù keje

ÌGÒ KÚN! Bọ́tìnì tó kẹ́yìn, funfun, ti ẹ̀wù ọmọdé: Ìjì ló gbà á, torí pé ó rí ẹni tó ń tì í láti ẹ̀yìn lórí ìlà, kò sì ti ẹnikẹ́ni padà. Ariwo tí wọ́n pa, mo rò pé páànù yóò ká.

Mo jẹ́ gólì. Wọ́n gbá a wọlé lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan kọjá láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, Ọ̀gá ilé ìwé sì wà létí pápá, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi di inú mú. Mo mú ọ̀kan ṣoṣo, torí pé ó bá mi níkùn. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń pariwo, "Bàbá Tíṣà dúró gbọn-in! Bàbá Tíṣà ò sá!" Àní wọ́n sọ ohun tí mo ṣe.

Gbogbo ara ló ń ro mí. Mi ò ráyè ìrora.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù keje

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá gbé ìràwọ̀ fún ọmọ mi lójú àwọn òbí, ṣé wọn ò ní sọ pé bàbá àti ọmọ ń ṣe ara wọn lóore? Mo wá rẹ́rìn-ín. Àwáwí àtijọ́ ti tún dé, ó wọ aṣọ tuntun. Mo fi aṣọ kékeré nu ìràwọ̀ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù keje

Inú kíláàsì wa ni wọ́n ti ṣèpàdé. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ níwájú, ìgò wà lórí tábìlì. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn bó ṣe máa ń dì í láti kékeré tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Alága dìde. Ó họ orí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé mi. Ọmọbìnrin mi yìí gbé ìgò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọṣẹ́ mi gé pákó tó dára kúrú, mo la ẹnu láti bú u, mo tún pa á dé. Mo kàn gbọ́ 'kọ̀n-ìn'. Ìṣó ló jù sínú ìgò. Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, ẹ ò sì bú u.'" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa wò ó, mo ti ń wá bí ìṣó mi yóò ṣe pọ̀ sí i! Ìgò yẹn ti fẹ́ẹ̀ kún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹgba, kó máa lọ ra tirẹ̀ sílé. Kò gbọ́dọ̀ wọ ibí."

Ọwọ́ tó ròkè pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó kà á. Ọmọ mi tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dúpẹ́, ó fẹ́ kádìí ìpàdé. Mo dìde.

"Ó ku ọ̀kan," mo ní. Ìjì ti rí agolo lọ́wọ́ mi, ó na ọrùn níbi tó jókòó sí.

Mo ní, "Ní kíláàsì kẹta, ọmọbìnrin kan rí i pé ẹni tó jókòó tì í kò rí pátákó. Ojoojúmọ́ ló ń ka iṣẹ́ sí i létí. Olùkọ́ rẹ̀ ń nà án pé aláriwo ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, àṣírí ọmọ náà yóò tú. Kò sọ̀rọ̀. Ó tún kà á lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ní kí olùkọ́ yẹn fún un ní ìràwọ̀ tó tọ́ sí i, olùkọ́ náà ní kò sí ẹni tó yẹ. Èmi ni olùkọ́ náà."

Oníjígí ti dìde lẹ́yìn. "Èmi lọmọ tí kò ríran," ó ní. "Ohùn rẹ̀ ni mo fi kọ́ ìwé kíkà."

Ọmọ mi ò yíjú sí i. Èmi ló ń wò, kò ṣẹ́jú. Mo ti ọwọ́ bọ agolo. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù nínú rẹ̀.

"Bàbá mi," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo ti ń dìde nígbà yẹn."

"Mo rí ọ. Mo rí ọ nígbà tó o tún jókòó."

Mo na ìràwọ̀ sí i lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì gbà á.